Orúkọ tí Adéyẹmọ Fún Òkú Olókùú

Kò sí ìtàn tí Adéyẹmọ mọ̀ tó ìtàn bí Banjul ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á rò ó já. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ló fi kọ́ ọ ní kíláàsì, fún àwọn ọmọ tí ooru ọ̀sán ti mú lójú.

Erékùṣù kan. Yanrìn pẹrẹsẹ. Omi iyọ̀ yí i po, ẹ̀fọn kún un. Lọ́dún 1816 àwọn ṣọ́jà òyìnbó gúnlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀gá wọn bá ọba Kombo ṣe àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún, wọ́n sì gbé ìbọn àgbá sẹ́nu odò kí ọkọ̀ akẹ́rú má baà rọ́nà kọjá mọ́. Wọ́n na okùn, wọ́n fi la títì gbọọrọ gbọọrọ. Wọ́n sọ ìlú lórúkọ mínísítà kan ní London tí kò débẹ̀ rí. Wọ́n sọ títì lórúkọ àwọn ọ̀gágun tó ja ogun ìlú òyìnbó. Orúkọ lórí orúkọ, kò sí èyí tó mọ ilẹ̀ tí wọ́n fi í lé lórí.

Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun. Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ sí Freetown. Wọ́n tún ṣa nínú wọn wá síbí, kí wọ́n wá la pákó, kí wọ́n wá kọ́lé, kí ibà wá bá wọn nínú ẹrẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ti dòmìnira," ni Adéyẹmọ máa ń sọ fáwọn ọmọ, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wá."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ìtàn á wá kan ibi tábìlì akọ̀wé. Akọ̀wé jókòó, ó ti gègé bọ inú tàdáwà. Ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Akọ̀wé fún un ní orúkọ tuntun, ó ní kó máa lọ.

Ibẹ̀ ni ojú Adéyẹmọ ti máa ń wolẹ̀. Lọ́dọọdún, ọmọ kan ṣáà gbọ́dọ̀ béèrè. "Tíṣà, orúkọ tí wọ́n ti ń jẹ́ nílé ńkọ́?"

"Ó sọnù," ni yóò wí. Á sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, á máa nu pátákó tó ti mọ́.

*

Ìkirè ló ti wá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àpò aṣọ kan, páálí ìwé méjì. Ìjọba tuntun tó gba Gambia lọ́dún tó ṣáájú ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n ń wá olùkọ́. Wọ́n fi í sí Banjul. Ó gba yàrá kan ní àdúgbò Campama, nínú ọgbà Màmá Isha Harding, ilé pákó àtijọ́ tí wọ́n gbé ka ìpìlẹ̀ òkúta nítorí omi òjò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde. Ìyá náà ń dín nǹkan lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé kò sí nílé.

Ìyá náà gbé ṣíbí ìdínkàrà dúró. Ẹni bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè dúdú. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà?"

Ara Adéyẹmọ bù máṣọ. Èdè Aku, èdè àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó ti Freetown wá, ni wọ́n ń sọ nínú ọgbà náà, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n ti pò bí ẹní po ẹ̀kọ, tí wọ́n fọ́n Wolof sí. Ṣùgbọ́n bó ti ń tẹ́tí sí i, ó ń gbọ́ àwọn tirẹ̀. Àkàrà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kọ́mọjáde. Àwùjọ. Bí ẹni tó wọ ilé ìdáná àjèjì, tó bá ìkòkò ìyá rẹ̀ lórí ààrò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá Isha fi mú un kiri gbogbo Campama. "Ẹ wá wò ó! Ará ilé wa tó kù lẹ́yìn ló dé yìí." Mùsùlùmí ni Màmá Isha, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ti Freetown wá. Onígbàgbọ́ ni Adéyẹmọ. Kò dí ohunkóhun lọ́wọ́. Nígbà tí Bímpé wá láti Ìbàdàn fẹ́ ẹ lọ́dún 1999, Màmá Isha ló dúró bí ìyá ọkọ. Nígbà tí wọ́n bí Jádesọ́lá, Màmá Isha ló wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sọ fún Adéyẹmọ nígbà náà pé àlejò ni ní Banjul, ìjà ni.

*

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, kí òjò tó dé, Màmá Isha máa ń ṣe àwùjọ fún àwọn òkú ilé. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á dín àkàrà, wọ́n á se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò, àgbà ilé á bu díẹ̀díẹ̀ sínú ihò, á da omi lé e, á máa pe àwọn òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá pè ló ń jẹ. Ẹni tí wọn kò pè, ìta ló wà.

Alhagie Tijan, àbúrò Màmá Isha tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, kì í fara mọ́ ọn. Láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé ló ti ń wí pé kì í ṣe ara ẹ̀sìn. Á wí bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi gbé oúnjẹ dé. Kò sẹ́ni tó ń jẹ tó o.

Màmá Isha á pe ìyá rẹ̀. Á pe bàbá rẹ̀. Á pe bàbá bàbá rẹ̀. Á máa gòkè lọ bẹ́ẹ̀, títí á fi kan ẹni àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n kó ti Freetown wá, tó gba ilẹ̀ ọgbà náà. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti máa ń wálẹ̀. "Daddy Harding," ni yóò wí.

Lọ́dún 2009, lẹ́yìn oúnjẹ, ó pe Adéyẹmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, mo fẹ́ẹ́ pé àádọ́rin. Orúkọ tí akọ̀wé òyìnbó fún bàbá wa ni mo fi ń pè é wá jẹun. Ṣé ajá ni?"

"Rárá, Mà."

"Ìwọ lo mọ ìwé. Àwọn ìwé tí akọ̀wé kọ orúkọ sí wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀yin lẹ ni í. Lọ bá mi wá orúkọ rẹ̀ kí àwùjọ ọdún tó ń bọ̀ tó dé."

*Ẹ̀yin lẹ ni í.* Pé Yorùbá bíi tirẹ̀ ni ẹni náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mọ́ Adéyẹmọ nínú jù.

Ó lọ. Ká sòótọ́, ó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kebba tó ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ gbé ìwé gbàǹgbà méjì kalẹ̀, ó ní ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rán ẹ̀yìn rẹ̀ tó já. Adéyẹmọ ka méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́rin. Eruku kún imú rẹ̀. Kò rí Harding kankan tó bá nọ́ńbà ilẹ̀ Màmá Isha mu.

"Padà wá ní ọjọ́ Ajé," ni Ọ̀gbẹ́ni Kebba wí. "Wọ́n á ti rán ẹ̀kẹta tán."

Ọjọ́ Ajé, ìwé ìdánwò igba ó lé mẹ́wàá wà nílẹ̀ láti máàkì. Ọjọ́ Ajé kejì, Jádesọ́lá ní ibà. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò. Lẹ́yìn òjò, kò sí ìdí kankan. Ó kàn ń sọ lọ́la, lọ́la. Ìtàn wà nítòsí rẹ̀, kò nawọ́ mú un.

Àwùjọ ọdún 2010 dé. Gbogbo ilé pé. Màmá Isha ti pe bàbá bàbá rẹ̀, ó ti ń gòkè lọ. Ó dúró. Ó yíjú sí Adéyẹmọ lójú gbogbo èèyàn.

"Tíṣà. Ṣé o rí i?"

Alhagie Tijan ló fọ̀, ó ti ń wo àwo àkàrà. "Kí ló fẹ́ rí? Mo ti sọ fún yín. Ẹnu lásán lọ̀gbẹ́ni yìí ní. Kò sí ohun tó ní ṣe pẹ̀lú wa."

Bóyá ká ní Tijan kò sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, Adéyẹmọ ì bá sọ òótọ́.

"Mo rí i," ni Adéyẹmọ wí.

Màmá Isha gbé igbá omi sílẹ̀. "Kí ni?"

Ó wá orúkọ nínú orí rẹ̀, orí ṣófo. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dìde. "Abíọ́nà."

Bàbá bàbá Adéyẹmọ ni Abíọ́nà. Àgbẹ̀ ará Ìkirè ni, ó kú lọ́dún 1971. Kò rí òkun rí láyé rẹ̀.

Màmá Isha kúnlẹ̀ létí ihò. "Abíọ́nà! Abíọ́nà o! Wọn ò jẹ́ ká mọ̀ ẹ́. Má bínú. Wá jẹun." Ó ń bu ẹ̀wà, ó ń bu àkàrà, ó ń sunkún, àwọn obìnrin ń bá a sunkún. Wọ́n béèrè ìtumọ̀. Adéyẹmọ ní ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ni. Ariwo ta. Ojú ọ̀nà! Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ẹrú ni! Nígbà tí oòrùn fi máa rẹlẹ̀, wọ́n ti ní ìyá rẹ̀ bí i nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń sá fún ogun, wọ́n ti ní ìràwọ̀ kan yọ. Irọ́ kan péré ni Adéyẹmọ pa. Àwọn ni wọ́n bá a kọ́ ilé lé e.

Wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un. Kò gbé e mì.

*

Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn, Naffie, ọmọ ọmọ Màmá Isha, bí obìnrin. Ọjọ́ kẹjọ, kọ́mọjáde. Ìmáàmù ti ṣe tirẹ̀, ó ku orúkọ ilé, tí àgbà kan máa gbé ọmọ jáde síta gbangba láti fi pè é. Wọ́n ní Adéyẹmọ ni.

"Màmá, ṣé a kò ní fi orúkọ yín pè é?" ni Adéyẹmọ wí. "Isha dára. Isha kékeré."

"Isha pọ̀ ní Banjul bí ẹ̀fọn," ni Màmá Isha wí. "Abíọ́nà. Ìwọ lo gbé e wá, ìwọ ni wàá pè é."

Ó gbé ọmọ náà. Ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo. Ó pè é. Ọmọ náà sín, gbogbo ọgbà hó yèè, wọ́n ní ó gbọ́.

Báyìí ni bàbá àgbà Adéyẹmọ tó kú sí Ìkirè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní Campama. Ọdọọdún. Adéyẹmọ á jókòó lórí ẹní àwọn àgbà, á máa gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe Abíọ́nà tó ń jẹun ló ń bà á lẹ́rù. Ẹnìkejì ni. Ẹni tó la pákó nínú ẹrẹ̀ ọgbà yẹn. Wọ́n ti máa ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ orúkọ akọ̀wé. Ní báyìí, wọn kò pè é mọ́ rárá. Ìgbà mìíràn, tí Màmá Isha bá ń da omi, Adéyẹmọ á wo ẹnu ọ̀nà ọgbà bí ẹni pé ẹnìkan dúró níbẹ̀ tí ń retí kí wọ́n ní kó wọlé.

Akọ̀wé òyìnbó gba orúkọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Adéyẹmọ wá gba èyí tó kù.

Lọ́dún 2011 ó kó kúrò ní ọgbà náà lọ sí Bundung, lẹ́yìn ìlú. Ó ní omi òjò ló lé òun. Lóòótọ́ ni omi máa ń wọ Campama. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn, níbi ihò àwùjọ, ni fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí.

*

Ọdún 2016, ìlú pé igba ọdún. Àwọn ìdílé kan ń kọ orúkọ ẹni tó tẹ ọgbà wọn dó sára ògiri. Màmá Isha ra òkúta pẹlẹbẹ funfun kan. Ó pe Adéyẹmọ lórí fóònù.

"Tíṣà, ọjọ́ Sátidé lagbẹ́kúta ń bọ̀, lẹ́yìn àwùjọ. Wá bá wa kọ ọ́ sínú ìwé kó má baà ṣì í gbẹ́. Abíọ́nà Harding. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Kí àwọn tó wà nínú taksí rí i."

"Ó dáa, Mà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Òkúta. Èèyàn máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n pè létí ihò. Ta ló ń gbàgbé òkúta?

Ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ọ́fíìsì ìwé àtijọ́. Irun Ọ̀gbẹ́ni Kebba ti funfun tán. Ó wo Adéyẹmọ látorí díngí ojú rẹ̀.

"Tíṣà. Ọjọ́ Ajé tí mo dá fún yín lẹ wá jẹ́ yìí?"

"Òun ni, sà."

"Ó pẹ́ díẹ̀." Ó gbé ìwé kẹta sílẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti wà níbí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an."

Ohun tí Adéyẹmọ ń gbàdúrà fún, ó tì í lójú láti sọ. Ó ń gbàdúrà kó bá Abíọ́nà níbẹ̀. Tàbí kó bá òfo. Òfo náà ì bá dáa.

Ojú ewé kẹrìndínlógójì. Nọ́ńbà ilẹ̀ Màmá Isha, kò yẹ̀. Harding. Ọmọ bí ogún ọdún. Alapákó. Àpá ní èjìká òsì. Orúkọ ilé: Jiya. Ẹ̀yà: Tapa.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Tapa. Kì í tiẹ̀ ṣe Yorùbá. Èèyàn etí odò Ọya ni, ẹni tí wọ́n jọ kó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn Yorùbá, tó bá wọn gbé, tó gba oúnjẹ wọn àti ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé kò rí tirẹ̀ bá sọ mọ́. *Ẹ̀yin lẹ ni í.* Ogún ọdún ó lé ni Adéyẹmọ fi jókòó lórí ẹní yẹn bí ọmọ ìyá.

Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà á. Ìṣẹ́jú méjì tó yẹ kó lò lọ́dún méje sẹ́yìn.

*

"Fi sílẹ̀," ni Bímpé wí. Ọ̀sán ni, ó ń ká aṣọ lórí okùn ní Bundung. "Bàbá Jádesọ́lá, fi sílẹ̀. Ta ló pa lára?"

"Ẹni náà ńkọ́?"

"Ẹni wo?"

"Jiya."

"Ẹni tó ti kú láti bí ọgọ́jọ ọdún?" Ó ká aṣọ ìbùsùn méjì. "Ìyá yẹn ń lọ sí ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Inú rẹ̀ dùn. O fẹ́ lọ ba inú rẹ̀ jẹ́ kí tìẹ lè fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ní apá kan.

"Àti ọmọ yẹn," ni Bímpé wí, "kí ni wàá sọ fún ọmọ yẹn?"

"Òwe ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..."

"Má pòwe fún mi. Ìwọ kò jẹ́ kó pé ogún, kò tíì pé méje." Ó gbé aṣọ lé e lọ́wọ́. Ó wò ó. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tó o bá fẹ́ lọ, lọ kí wọ́n tó rẹ ẹ̀wà. Má jẹ́ kó jẹ́ ojú àwùjọ lo ti máa sọ ọ́."

*

Ọjọ́rú. Màmá Isha àti Naffie ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé. Alhagie Tijan ń ka ìwé ìròyìn lórí àga. Abíọ́nà kékeré, ọmọ ọdún márùn-ún, ń to èyí tí wọ́n ṣà dànù sí orí ìlà kan.

"Tíṣà wa dé!" ni Màmá Isha wí. "Ṣé o kọ ọ́ wá?"

Adéyẹmọ kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Tijan ká ìwé ìròyìn sílẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Naffie béèrè.

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé méjì tó kà. Ẹ̀kẹta tí kò kà. Bó ṣe ní òun rí i. Ta ni Abíọ́nà. Ohun tó rí ní ọjọ́ Ajé. Kò fi ìdánwò bo ara rẹ̀, kò fi ibà ọmọ bo ara rẹ̀. Títí ó fi parí, Màmá Isha kò dẹ́kun àti máa ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá bàbá tìẹ," ni ó wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mo kúnlẹ̀ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mo sunkún fún un. Mo máa ń bu oríṣiríṣi fún un. Ó jẹun lọ́wọ́ mi ju ọkọ mi lọ."

Tijan bú sẹ́rìn-ín. Kò lè mú un mọ́ra, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ gbà mí o! A gbàlejò láàyè, a tún gbàlejò lókùú!"

"Tijan, pa ẹnu ẹ mọ́." Màmá Isha gbé atẹ sílẹ̀. "Jiya."

"Jiya ni, Mà."

"Tapa yẹn. Ibo ni?"

"Etí odò ńlá kan, ní òkè àwa."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Adéyẹmọ gbé orí sókè. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ti múra sílẹ̀ fún kí wọ́n lé òun. Kò múra sílẹ̀ fún èyí. "Mi ò mọ̀, Mà."

"Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀." Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tó ti ń gbé tipẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ti fì. "Mo fi orúkọ ẹlòmíràn pè é, mo gbé oúnjẹ ẹlòmíràn fún un. Gbogbo ayé mi. Èyí tó ṣáájú ìgbà tìẹ, akọ̀wé ló jẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ọdún yìí, ìwọ ni."

"Èmi ni, Mà."

Naffie ló dìde. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mú, ó fi í sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ẹni pé Adéyẹmọ fẹ́ gbà á lọ.

"Ọ́ńkù, èyí ńkọ́? Kí ni kí n ṣe sí èyí? Kí n dá a padà?"

"Naffie..."

"Ó ti ń kọ ọ́ ní ilé ìwé! Ó ti mọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀!" Omijé dé ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ gbé e lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é. Lójú èmi tí mo bí i."

Ọmọ náà yọjú láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. "Mi ò ṣe nǹkan kan," ni ó wí.

Kò sí ohun tí wọ́n sọ sí Adéyẹmọ ní ọjọ́ náà tó dùn ún tó o.

"Orúkọ ọmọ kò ní yí," ni Màmá Isha wí. "Ó ti jẹ́ ẹ. Òun ló ni ín báyìí, kì í ṣe ẹ̀yin Ìkirè mọ́. Kí agbẹ́kúta gbẹ́ Jiya. Jiya nìkan." Ó gbé atẹ padà sórí itan. "Ìwọ, dìde nílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kó o wá. Mi ò ní pè é. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo tì í síta, ìwọ ni wàá mú un wọlé."

*

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ti gbẹ́ ihò. Gbogbo ilé ti gbọ́, kò sí ẹni tó kí Adéyẹmọ ju ẹnu lọ. Ẹní àwọn àgbà wà nílẹ̀, kò sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ní kó wá jókòó.

Màmá Isha pe ìyá rẹ̀, ó bu ẹ̀wà. Ó pe bàbá rẹ̀. Ó gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ẹni àkọ́kọ́, ó fi àwo oúnjẹ sẹ́yìn, ó gbé igbá omi nìkan.

"A ò mọ ohun tó ń jẹ," ni ó wí fún gbogbo ọgbà. "Omi la mọ̀. Kò sẹ́ni tí kì í mu omi." Ó na igbá sí Adéyẹmọ.

Adéyẹmọ kúnlẹ̀. Yanrìn inú ihò gbẹ, ó pupa díẹ̀. Gbogbo ohun tó ti pète láti sọ, èyí tó ti tò jọ láti Bundung wá nínú gẹ̀lẹ̀gẹ̀lẹ̀, ọkọ̀ akérò, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ mọ́.

"Jiya," ni ó wí.

"Kò gbọ́," ni Màmá Isha wí lókè orí rẹ̀. "Ibi tó o lé e dé jìnnà."

"Jiya! Èmi Adéyẹmọ ni. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n pè yín. Wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀, mi ò wá kà á. Mo fi tèmi sípò yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó da omi. Yanrìn mu ún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọn kò da nǹkan kan. Ó wo ojú Màmá Isha. Ojú náà kò rọ̀, kò le. Ó ń wo ihò.

"Pè é sí i."

Ó pè é. Ó da omi. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ti ń pín àwo. Ó gbọ́ ohùn Tijan tó ń béèrè ata. Ó gbọ́ Naffie tó ń pe ọmọ rẹ̀, "Abíọ́nà, wá fọ ọwọ́," àti ẹsẹ̀ kékeré tó sáré kọjá. Kò bojú wẹ̀yìn. Igbá ti fúyẹ́. Màmá Isha gbà á, ó lọ bu omi mìíràn, ó tún gbé e lé e lọ́wọ́.

"Pè é," ni ó wí. "Ìwọ náà mọ iye ọdún tó fi wà níta."